Imam Ahmad Ọmọ Hanbal: Ẹni Tí Pàṣán Kò Yí Lọ́kàn Padà, Tí Owó Kò Sì Rí Rà

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, àti ní pàtàkì ẹ̀yin onísòwò tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí nídìí àtẹ yín, ọ̀rọ̀ korobá kan ni mo fẹ́ fi ṣáájú lónìí.

Ní ìlú Mẹ́kà, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀fà ọdún sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń wá ìmọ̀ kiri kò ní owó oúnjẹ lọ́wọ́ mọ́. Ó mú korobá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alátẹ kan, ó fi í dógò, ó sì gba nǹkan tí yóò jẹ. Nígbà tí owó dé, ó padà lọ láti gbà á. Alátẹ yìí gbé korobá méjì jáde tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, ó ní kí ó mú èyí tí í ṣe tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò wọ́n títí, kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni tòun. Ó san gbèsè rẹ̀ pé, ó fi korobá méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Alátẹ pè é padà, ó fi tirẹ̀ hàn án, ó jẹ́wọ́ pé ńṣe ni òun fẹ́ dán an wò. Kò gbà á mọ́.

Bí a bá fi ojú ọjà wò ó, ó ṣòfò. Èmi tí mo ń kọ ọ́ yìí pàápàá, n kò lè búra pé n kò ní gbé ọ̀kan nínú méjèèjì kí n sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi korobá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Ahmad ọmọ Muhammad, ọmọ Hanbal, tí gbogbo ayé Mùsùlùmí mọ̀ sí Imam Ahmad ọmọ Hanbal. Nígbà tí ó dàgbà, ọba mẹ́rin jẹ tẹ̀léra wọn tí ọ̀ràn rẹ̀ kàn. Mẹ́ta fi agbára kojú rẹ̀, ìkẹrin fi ọrẹ kojú rẹ̀. Bí a kò bá ti rí i nídìí korobá yẹn, kò ní yé wa bí ó ṣe dúró níwájú àwọn ọba wọ̀nyí.

Inú oyún ni ó wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kúrò ní Merv, ní ìhà Khurasan, tí ó wá sí Baghdad. Baghdad ni a sì bí i sí, ní ọdún 164 lẹ́yìn Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 780. Ìlú náà kò tíì pé ogún ọdún tí a tẹ̀ ẹ́ dó nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti di olú ìlú àwọn kálífà ìdílé Abbas. Ọrọ̀ ayé ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Ọmọ ilé ọlá ni Ahmad lọ́wọ́ bàbá, nítorí bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣe ajẹ́lẹ̀ ìlú Sarakhs rí. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kú ní nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ìyá rẹ̀ Safiyya nìkan ni ó sì tọ́ ọ. Ilé kan àti ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ tí ń mú owó ilé kékeré wọlé lóṣooṣù ni ogún tí ó bá. Èyí ni ó ń jẹ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sọ́kàn.

Ọdún 179 lẹ́yìn Hijira ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gba Hàdíìsì Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a. Ọdún náà gan-an ni Imam Malik, ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tọ ọ̀nà rẹ̀, fi ayé sílẹ̀ ní Mẹ̀dínà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Ahmad. Ìtara rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń fẹ́ jáde lọ sílé ẹ̀kọ́ lóru, tí ìyá rẹ̀ á di aṣọ rẹ̀ mú kí ó má lọ títí ìpè ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò fi dún.

Lẹ́yìn èyí, ó di arìnrìn-àjò. Ó dé Kufa, ó dé Basra, ó dé Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà àti ilẹ̀ Síríà. Ó lọ sí hájì lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì fi ẹsẹ̀ rin mẹ́ta nínú rẹ̀. Nígbà kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Yahya ọmọ Ma'in ń lọ sí Yamanì láti lọ kàwé lọ́dọ̀ àáfà àgbà kan tí ń jẹ́ Abd al-Razzaq. Àfi bí wọ́n ṣe ṣe kòńgẹ́ àáfà náà ní Mẹ́kà, níbi tí ó ti ń yí Káábà po! Yahya dúpẹ́ pé ìrìn oṣù kan ti kúrò lọ́rùn wọn. Ahmad kọ̀, ó ní òun ti ní in lọ́kàn láti lọ bá a nílé rẹ̀, òun kò sì ní tìtorí ìrọ̀rùn yí àdéhùn òun àti Ọlọ́hun padà. Wọ́n lọ sí Yamanì. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà, ó bá àwọn oní-ràkúnmí ru ẹrù kí ó lè dé ibẹ̀. Abd al-Razzaq fún un ní owó wúrà, kò gbà á. Ó ń hun okùn ṣòkòtò, ó ń tà á, ó fi ń jẹun. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́?

Ó tó ọmọ ogójì ọdún kí ó tó jókòó kọ́ni ní gbangba, èrò sì ń ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bí omi. Nínú Hàdíìsì tí ó kó jọ, ó ṣa èyí tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sínú ìwé ńlá rẹ̀ tí a ń pè ní Musnad, ọmọ rẹ̀ Abdullah ni ó sì fi í lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí a ti dé yìí ni ọ̀rọ̀ ti wọ ìjàngbọ̀n. Kálífà al-Ma'mun fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Ìwé ọgbọ́n àwọn ará Gíríkì di èdè Lárúbáwá ní ayé rẹ̀, àǹfààní rẹ̀ sì kárí ayé. N kò ní sọ pé ènìyàn burúkú ni. Ṣùgbọ́n ó fi ara mọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tí a ń pè ní Mu'tazila, tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀dá ni Al-Kùránì, pé Ọlọ́hun dá a gẹ́gẹ́ bí Ó ti dá ohun gbogbo. Ohun tí wọ́n rò ni pé Ọlọ́hun nìkan ni kò ní ìbẹ̀rẹ̀, bí Kùránì náà kò bá sì ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé nǹkan méjì ni ó wà láti àtètèkọ́ṣe. Imam Ahmad àti àwọn oní-Hàdíìsì kò gbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun jẹ́ ìròyìn Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ Rẹ̀, ta ni yóò sì sọ pé ìgbà kan wà tí Ọlọ́hun kò ní ìmọ̀?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní ìjà àwọn àáfà àgbà ni èyí, kí ni ó kan ẹni tí ń ta aṣọ? Ó kàn án. Bí ọba bá lè jókòó sí ààfin kí ó fi àṣẹ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun jẹ́, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ lọ́la láti sọ èyí tí í ṣe hàláálì àti èyí tí í ṣe hàráámù? Imam Ahmad rí èyí. Ohun tí ó ń béèrè kò sì yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn òun láti inú ìwé Ọlọ́hun tàbí láti inú Súnà Ànọ́bì. Ohun tí Ànọ́bì kò pe ènìyàn sí, ọba kò lè fi pàṣán pè é sí i.

Ní ọdún 833, al-Ma'mun kọ ìwé sí Ishaq, ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní Baghdad, pé kí ó pe àwọn adájọ́ àti àwọn onímọ̀, kí ó bi wọ́n léèrè. Ẹni tí kò bá gbà pé ẹ̀dá ni Kùránì, kò gbọdọ̀ ṣe adájọ́, a kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀rí rẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n kọ́kọ́ mú àwọn méje tí orúkọ wọn tóbi, Yahya ọmọ Ma'in sì wà nínú wọn. Àwọn méjèèje gbà. Wọ́n tún pe àwọn mìíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jábọ́, ẹlòmíràn nítorí ipò, ẹlòmíràn nítorí owó oṣù, ẹlòmíràn nítorí ìbẹ̀rù idà. Nígbẹ̀yìn, ó ku Ahmad àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Muhammad ọmọ Nuh. Wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí àwọn méjèèjì, wọ́n gbé wọn sórí ràkúnmí kan náà, wọ́n sì kọjú wọn sí Tarsus níbi tí ọba wà lójú ogun.

Àdúrà Ahmad lọ́nà ni pé kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí òun fi ojú kan al-Ma'mun. Wọn kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ìròyìn fi dé pé ọba ti kú. Wọ́n dá wọn padà sí Baghdad pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wọn. Muhammad ọmọ Nuh ṣàìsàn lọ́nà, ó sì kú ní ìlú Anah. Ahmad ni ó kí ìrun sí i lára. Láti ọjọ́ náà, ó ku òun nìkan.

Al-Mu'tasim, àbúrò al-Ma'mun, ni ó jọba. Jagunjagun ni, kò bìkítà púpọ̀ fún ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́, adájọ́ àgbà Ibn Abi Du'ad kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé. Ó lé ní ọdún kan tí Ahmad fi wà lẹ́wọ̀n, tí ó ń ṣe lèmọ́mù fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n pẹ̀lú irin lẹ́sẹ̀. Nínú oṣù Ramadan, wọ́n mú un wá síwájú ọba. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bá a jiyàn. Al-Mu'tasim fúnra rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, ó ṣe ìlérí pé bí ó bá lè dáhùn kan ṣoṣo tí yóò tẹ́ òun lọ́rùn, ọwọ́ òun ni òun yóò fi tú irin ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni ó ń bá: ìwé Ọlọ́hun tàbí Súnà.

Ó ṣe mí ní ìyanu pé nínú gbogbo ẹni tí ó gbà á níyànjú lákòókò yìí, olè kan ni Ahmad kò gbàgbé títí ó fi kú. Orúkọ rẹ̀ ni Abu al-Haytham. Nígbà tí wọ́n ń fa Ahmad lọ, ọkùnrin yìí fà á láṣọ lẹ́yìn, ó ní òun ti jẹ pàṣán lóríṣiríṣi lọ́wọ́ ìjọba nítorí èṣù àti nítorí ọrọ̀ ayé, òun kò sì jẹ́wọ́. Kí Ahmad náà fara dà á nítorí Ọlọ́hun. Ọmọ rẹ̀ Abdullah ń gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń tọrọ àforíjì fún ẹnì kan ṣáá, kí ó tó béèrè, kí ó sì mọ̀ pé olè ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ al-Marrudhi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe pa ara rẹ̀. Ahmad ní kí ó jáde lọ wo ìta. Nígbà tí ó jáde, ó rí èrò tí kò lóǹkà, tàwọn ti kálámù àti ìwé lọ́wọ́, tí wọ́n ń dúró de ohun tí Ahmad yóò sọ kí wọ́n lè kọ ọ́. Ó padà wá ròyìn, Ahmad sì bi í bóyá òun lè ṣi gbogbo àwọn wọ̀nyẹn lọ́nà nítorí ara òun nìkan.

Wọ́n dè é. Ẹni tí ń na ni yóò na án ní pàṣán méjì, yóò sún sẹ́yìn, òmíràn tí apá rẹ̀ kò tíì rẹ̀ yóò bọ́ sí i, ọba sì ń pariwo pé kí wọ́n le ọwọ́. Láàárín èyí, wọ́n ń bi í bóyá yóò gbà. Ó dákú, ó jí, wọ́n tún ń na án, títí kò fi mọ ohunkóhun mọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, wọ́n ti tú irin kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ àti omi wá kí ó fi ṣínu. Ó ní òun kò ní já ààwẹ̀ òun. Àkókò ìrun ọ̀sán tó, ó kí i pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú aṣọ rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó lọ sílé nítorí wọ́n bẹ̀rù ohun tí ará ìlú yóò ṣe bí ó bá kú sí wọn lọ́wọ́. Oníṣẹ́ abẹ gé ẹran òkú kúrò lẹ́yìn rẹ̀, bí òtútù bá sì mú, ibẹ̀ ń dùn ún títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó foríji al-Mu'tasim. Ó ní kí ni àǹfààní tí yóò ṣe òun bí a bá fi ìyà jẹ Mùsùlùmí nítorí òun?

Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti foríji àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ onímọ̀ tí wọ́n gbà lẹ́nu láìgbà lọ́kàn. Yahya ọmọ Ma'in, ẹni tí wọ́n jọ rìn dé Yamanì, wá kí i nínú àìsàn, Ahmad kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ògiri. Bí ti èmi bá ni kí a bi, mo rí i pé ó le. Òfin ẹ̀sìn fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí a fi idà há mọ́, Yahya sì jẹ́ olódodo ènìyàn tí ìmọ̀ Hàdíìsì ṣì ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí Ahmad ń sọ ni pé idà kò tíì dé ọrùn wọn rárá tí wọ́n fi gbà, wọ́n kàn halẹ̀ mọ́ wọn ni.

Al-Wathiq jọba ní 842, ìlú sì tún le sí i. Ní 845, nígbà tí wọ́n ń ra àwọn Mùsùlùmí tí ó wà nígbèkùn padà lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù, ẹni tí kò bá gbà pé ẹ̀dá ni Kùránì, wọn kì í rà á. Al-Wathiq ní kí Ahmad má ṣe bá ènìyàn pàdé, ó sì fara pamọ́, kò lè dé mọ́ṣáláṣí. Àwọn onímọ̀ Baghdad wá bá a pé ó tó àkókò láti kọ ìjọba sílẹ̀. Kò gbà fún wọn. Ó ní kí wọ́n fi ọkàn kọ ohun burúkú náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe da ẹ̀jẹ̀ Mùsùlùmí sílẹ̀.

Al-Mutawakkil gorí oyè ní 847. Láàárín ọdún díẹ̀ ó fi òpin sí ìdánwò náà, ó lé Ibn Abi Du'ad kúrò nípò, gbogbo ìlú sì yọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àáfà tí ń wàásù nípa Imam Ahmad máa ń parí ìtàn sí. Èmi rò pé ibí gan-an ni ìtàn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọba kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dirhamu, owó fàdákà, ránṣẹ́ sí i. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé bí ó bá dá a padà, ọba yóò fura sí i. Ó gbà á, kò sì fi ọwọ́ kàn án. Oorun kò kùn ún lóru ọjọ́ náà. Ó jí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí látọjọ́ yìí, ó wá di òpin ọjọ́ ayé òun kí wọ́n tó fi owó wọn dán òun wò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe àwọn tí ó ṣeé fọkàn tán, wọ́n pín in fún àwọn ọmọ àwọn Múhájírún àti Ansar àti àwọn aláìní. Dirhamu kan kò ṣẹ́ kù. Àpò tí wọ́n kó o sí pàápàá, ó fi ta ẹnì kan lọ́rẹ.

Wọ́n pè é lọ sí Samarra, ìlú tí ọba ń gbé nígbà náà, pé kí ó wá kọ́ ọmọ ọba. Wọ́n fún un ní ilé ńlá, nígbà tí ó gbọ́ orúkọ ìjòyè tí ó ni ín tẹ́lẹ̀, ó kó jáde, ó lọ háyà òmíràn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé tábìlì oúnjẹ wá pẹ̀lú ẹran àti omi dídì. Kò wò ó. Ó ń gba ààwẹ̀ léraléra, ìyẹ̀fun ọkà tí a pò mọ́ omi ni ó ń fi gbé ẹ̀mí ró, títí wọ́n fi ń bẹ̀rù pé yóò kú. Wọ́n fi aṣọ olówó wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọ ọba. Nígbà tí ó dé, ó bọ́ ọ kúrò lọ́rùn pẹ̀lú omijé, ó ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe sàráà. Ó ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé nínà àti ẹ̀wọ̀n, òun lè fara dà á, ìdánwò ẹ̀sìn ni, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ìdánwò ọrọ̀ ayé, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú òun. Nígbẹ̀yìn, ọba jẹ́ kí ó padà sílé.

Àwọn ọmọ rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀ ní tiwọn ń gba owó tí ọba là sílẹ̀ fún wọn. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Wọ́n ní ọmọ, wọ́n ní aya, owó náà kì í sì í ṣe owó olè. Imam Ahmad kò sọ pé hàráámù ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ó dé ẹnu òun. Ó dí ilẹ̀kùn tí ó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ Salih. Nígbà kan tí ebi ti ń pa á, wọ́n yára dín búrẹ́dì fún un, ó bi wọ́n bí ó ṣe tètè jinná bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ààrò Salih ti gbóná tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun.

Ní ọdún 855, àìsàn dá a gúnlẹ̀. Ó rántí pé òun ní ìtánràn ìbúra kan lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n lọ gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, kí wọ́n fi ra dàbínù, kí wọ́n fi san án. Nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ pé ó ti parí, ó fi ọpẹ́ fún Ọlọ́hun. Bí ẹ̀mí ṣe ń lọ, wọ́n gbọ́ tí ó ń sọ ṣáá pé kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bi í ohun tí ó ń sọ. Ó ní èṣù ni ó dúró níwájú òun tí ń jẹ ìka sẹ́nu, tí ń ké pé Ahmad ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun sì ń dá a lóhùn pé kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ó di ìgbà tí òun bá kú.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ó kú, nínú oṣù Rabi' al-Awwal, ọdún 241 lẹ́yìn Hijira. Baghdad kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú rí. Wọ́n kún ojú pópó, wọ́n ń kí ìrun láti inú ọkọ̀ lójú odò Tigris, wọ́n sì sin ín sí ìtẹ́ òkú Bab Harb.

Nínú ìwé tí ó ti kọ sílẹ̀ ṣáájú kí ó tó kú, ó fi sílẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kan tí ń jẹ́ Fawran ń béèrè nǹkan bí àádọ́ta dínárì lọ́wọ́ òun. Kí wọ́n gba ohun tí Fawran bá sọ gbọ́, kí wọ́n sì san án fún un láti inú owó ilé. Nígbà tí Fawran bá ti gba owó rẹ̀ pé, kí wọ́n fún àwọn ọmọ Salih, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní dirhamu mẹ́wàá mẹ́wàá.